Bí Wọ́n Bá Bi Ọ́ Léèrè Obìnrin Kejì Inú Fọ́tò

Kẹ́hìndé,

Tíṣà tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ní kí n fi "ọmọ mi ọ̀wọ́n" bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Bí o kò bá tíì mọ̀ títí di òní pé o ṣọ̀wọ́n lójú mi, ìwé kò lè mú ọ mọ̀ ọ́n. Ó tún ní kí n béèrè àlàáfíà rẹ àti ti àwọn ará ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ tí o dé sí l'Ékòó. Ó dáa, mo béèrè. Èmi náà wà. Orúnkún ń dùn mí, kòkó ń gbẹ lórí sìmẹ́ǹtì, òjò kò sì tíì bà á jẹ́. Ìkíni tán.

Èdè Ọ̀wọ̀ ni mò ń sọ, Tíṣà ló ń sọ ọ́ di ti inú ìwé. Níbi tí o bá ti rí ọ̀rọ̀ tó dùn jù, òun ló ni í.

"Bàbá, ẹ ò ní pa èèyàn," ló wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tó mú mi pè é wá nìyí. Ní ọjọ́ Àìkú tí o pè mí, o ní wọ́n ti dá ọjọ́ tí àwọn òyìnbó máa fi ọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò nítorí físà tí o fi máa lọ bá ọkọ rẹ. O ní Dàpọ̀ ti fi gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí wọn, títí kan èyí tí ìyàwó méjì wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè obìnrin kejì ńkọ́?" O rẹ́rìn-ín. O ní, "Bàbá, màá ní Táyé ni, pé ó rìnrìn àjò." Ẹnìkan pè ọ́ nínú ilé, o sì gbé fóònù sílẹ̀.

Táyé kò rìnrìn àjò. Táyé kú. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni yín nígbà náà. Èéyi ló mú ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀kan dìde, ọ̀kan kò dìde.

Tíṣà ti gbé bírò sílẹ̀.

"Bàbá, ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni kí o kọ ọ́."

"A kì í sọ ọ́ báyẹn nípa ìbejì, ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀. Àìsọ ọ́ náà ló gbé wa dé ibi tí a wà yìí. Kọ ọ́."

Ó ti kọ ọ́. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni, oòrùn sì kún àgbàlá.

O ti dàgbà. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, o ti fi ọwọ́ ara rẹ pa ojú òkú dé. Mo mọ̀ pé o mọ̀. Ṣùgbọ́n kí èèyàn mọ nǹkan yàtọ̀ sí kí baba rẹ̀ sọ ọ́ fún un. Nínú ilé wa kò sẹ́ni tó sọ ọ́ rí. Àwọn àgbà ní bí èyí tó kù bá gbọ́ pé èkejì kú, yóò tẹ̀lé e. Ìyá yín gba ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́ ọ. "Ẹ ti jẹun? Ẹ ti dé láti iléèwé?" Ìwọ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, àlejò a sì máa rò pé ó ń bọ̀wọ̀ fún ọmọ rẹ̀ ni. Abọ́ méjì ló máa ń bù. Ìwọ á jẹ tìrẹ, èkejì á wà níbẹ̀ títí á fi tutù, lẹ́yìn náà ni yóò gbé e fún ọmọdé tó bá kọ́kọ́ gba ojúde kọjá. Bó bá ra sálúbàtà, ẹsẹ̀ mẹ́rin. Bó bá rán aṣọ ọdún, méjì.

Nígbà tí ó kú, mo ṣí àpótí rẹ̀ láti mú aṣọ tí a ó wọ̀ fún un. Aṣọ Táyé ló kún inú àpótí náà, láti orí èyí tí kò ju ìbú ọwọ́ lọ títí dé èyí tó ga tó ọ. Mi ò sọ èyí fún ọ rí. Gbogbo wọn ló ti ṣá bí tìrẹ ṣe ṣá. Mo ní nínú ara mi pé ó ń fọ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ tìrẹ ni. Kò burú. Ṣùgbọ́n èyí tó rán kẹ́yìn, aláwọ̀ ewé yẹn, abẹ́ apá rẹ̀ ti gbó bí aṣọ ẹni tó ń roko. Mo gbé e súnmọ́ imú. Òógùn ni mo gbọ́, òógùn èèyàn, kò sì tíì gbẹ tán. Mo ti àpótí náà pa, mo lọ mú aṣọ mìíràn fún ìyá yín níbi tí ó ń sá aṣọ sí.

Èmi kì í ṣe ojo. Mo kàn ń sọ ohun tí mo rí, kí o lè mọ̀ pé mi ò fojú kéré ohun tí mo fẹ́ ní kí o ṣe. Mo ń ní kí o jókòó níwájú òyìnbó kí o sì sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ìwé kúrò nílẹ̀, nítorí òun ló rọrùn.

Èkíní. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí à ń pè ní ètò. Ìwé ìgbéyàwó tí ẹ gbà ní kóòtù, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ọlọ́pàá tó ní o kò jalè rí, èsì àyẹ̀wò dókítà, pásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà tí wọ́n fi pè ọ́: má jẹ́ kí ọ̀kankan sùn nílé ẹlòmíràn. Má kó wọn fún ẹnikẹ́ni pé kó bá ọ dì í mú, ìbáà jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ bí ojú. Ojúlówó lọ́tọ̀, ẹ̀dà lọ́tọ̀. Ka orúkọ rẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Tíṣà ní kí o wo ọjọ́ ìbí pẹ̀lú, nítorí akọ̀wé lè fi ọdún kan ta ọ́ lọ́rẹ. Àwọn ìwé tó fi hàn pé ìwọ àti Dàpọ̀ ń sọ̀rọ̀, tẹ̀ wọ́n jáde, ṣùgbọ́n má kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í kún agbọ̀n. Bí èyí tí ẹ ti ń jà bá wà nínú rẹ̀, mú un dání. Tọkọtaya tí kì í jà rárá, irọ́ ni wọ́n ń pa.

Èkejì. Má há ìdáhùn sórí. O ní wọ́n máa ń béèrè bí ẹ ṣe pàdé, iye àbúrò tí Dàpọ̀ ní, ohun tó fẹ́ràn, ohun tí kò fẹ́ràn. Ohun tí o bá mọ̀, sọ ọ́. Ohun tí o kò bá mọ̀, sọ pé o kò mọ̀. Nígbà tí mo lọ tọrọ ìyá yín ní Imoru, bàbá rẹ̀ bi mí pé, "Kí ni ọmọ mi kì í jẹ?" Kí n má bàa dà bí ẹni tí kò mọ ìyàwó rẹ̀, mo dáhùn kíá pé, "Ìgbín ni, Bàbá." Bàbá ní kí wọ́n gbé ìgbín wá. Ìyá yín jókòó níwájú mi, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì lá ìka. Bàbá rẹ̀ wá ní, "Ọmọ ta lo wá fẹ́?" Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, ìyá yín ló sì ń rín jù. Ó pẹ́ kí n tó tún rí ẹsẹ̀ wọ ilé yẹn. Bí mo bá ti sọ pé mi ò mọ̀, wọn ì bá kọ́ mi.

Ẹ̀kẹta le ju méjì yẹn lọ. Má ṣe dáhùn fún òkú.

Ìwọ kò mọ Adéoyè, ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n máa ń dúró sójú ọ̀nà láti mú ẹni tí kò bá san owó orí. Adéoyè ti san ti ọdún yẹn kó tó kú. Mo mú ríṣíìtì rẹ̀ sápò, mo ń lọ sí Imoru lọ́jọ́ kan. Akọ̀wé owó orí dá mi dúró, ó gba ìwé náà, ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Adéoyè?" Mo ní, "Sà." Ó ní kí n máa lọ. Bí mo ṣe dáhùn ni orí mi wú. Mo rò pé ẹ̀rù ọba ni.

Nígbà tí mo darí dé, ìyá mi ń yan gàrí nínú àgbàlá, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Kò wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Adéoyè, omi wà nínú ìkòkò." Mo ní, "Ìyá, èmi ni." Ó ní, "Mo mọ̀." Ó ń ro gàrí rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, bí mo bá gba iwájú ilé wọlé, orúkọ mi ló ń pè. Bí mo bá gba ẹ̀yìnkùlé, Adéoyè ló ń pè. Kì í sì í ṣe arúgbó tí ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú. Ó mọ iye ẹyin tí adìyẹ kọ̀ọ̀kan yé. Mo sun ríṣíìtì náà. Kò yí nǹkan kan padà.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé bí o bá dáhùn fún òkú lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ ohùn rẹ. Nítorí náà, má sọ pé Táyé wà ní Èkó. Má sọ pé ó wà ní Bìní, pé ó ti lọ́kọ, pé ó ń kí wọn. Wọ́n á bi ọ́ léèrè àdírẹ́sì rẹ̀, ìwọ á sì fẹ́ fún wọn. Òkú tí a bá fún ní àdírẹ́sì lè lọ gbé ibẹ̀.

Bí o kò bá tilẹ̀ ka ti òkú sí, ro ti òyìnbó tó jókòó síwájú rẹ. Ojú kan náà ló rí nínú fọ́tò, lára obìnrin méjì. O ní ọ̀kan rìnrìn àjò. Kí ló máa rò? Á ní ọ̀kan ló ṣègbéyàwó, èkejì ló fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Á ní ìwọ wo ló wà níwájú òun yìí? Á ti ìwé rẹ sẹ́yìn, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé o parọ́. Dàpọ̀ á wà lọ́hùn-ún, ìwọ á wà níhìn-ín, ọjọ́ orí á máa lọ. Mo mọ bó ṣe ń rí kí ìdajì ẹni wà níbi tí ẹsẹ̀ ẹni kò lè dé. Mi ò fẹ́ ẹ fún ọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ ojú fèrèsé òyìnbó ló ti máa bá tiwa.

Ní ti fọ́tò náà. O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ìyá yín, Ìyá Imoru, ló ní kí wọ́n ṣe é. Ó ní àbúrò òun kò sí láyé láti mójú tó ìpín Táyé, pé a kò lè fa ọ̀kan fún ọkọ kí a má fa èkejì. Ayàwòrán sọ àwòrán rẹ di méjì lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi ọ̀kan sí ọ̀tún Dàpọ̀, ó fi ọ̀kan sí òsì, a gbé e kọ́ sí pálọ̀. Mi ò fara balẹ̀ wò ó rí. Ọjọ́ tí o pè mí ni mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Èyí tó wà lọ́tùn-ún ní òrùka lọ́wọ́. Èyí tó wà lósì kò ní.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀wọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ bá ayàwòrán náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tí o fi yọ òrùka èyí?"

"Òrùka wo, Bàbá? Mi ò yọ nǹkan kan. Fọ́tò kan náà ni mo dà kọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ẹ bá rí i lára èyí, ẹ gbọ́dọ̀ rí i lára ìyẹn."

"Wò ó."

Ó wò ó. Ó fi àtàǹpàkò nu ojú gíláàsì, ó tún wò ó. Ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wo ti inú ibẹ̀, mi ò sì mọ ohun tó rí níbẹ̀ nítorí ó yí ojú rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé e lọ."

"Mi ò tíì ṣetán. Tẹ ojúlówó fún mi, èyí tí ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ nìkan wà nínú rẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé ìwọ lo sọ ọ́ di méjì."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n ná an, ó kàn fẹ́ kí n kúrò níbẹ̀ ni. Ó wà nínú àpò ìwé yìí. Mú un dání lọ. Bí wọ́n bá gbé fọ́tò oníméjì síwájú rẹ, má wojú rẹ̀ pẹ́. Fi ìka kan èyí tó ní òrùka, sọ pé, "Èmi nìyí," kí o wá gbé ojúlówó fún wọn.

Mo ti sọ ní ṣọ́ọ̀bù náà pé màá lọ búra ní kóòtù pé Táyé kú. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé Imoru, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Imoru dé síbí kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Ọ̀kadà kò tíì dúró tán tó ti sọ̀ kalẹ̀.

"Ìwọ ọkùnrin yìí! Mo gbọ́ pé o fẹ́ lọ búra ní kóòtù pé ọmọ àbúrò mi kú."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó ná. Ṣé kò kú ni?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Ẹnu tó bá sọ ọ́ ló pa á. Ìyá rẹ̀ gbé e ró títí ó fi kú, ìwọ wá fẹ́ fi bébà pélébé pa á."

"Èyí tó wà láàyè fẹ́ lọ bá ọkọ rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Èwo ló wà láàyè?"

"Kẹ́hìndé ni."

Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ìjà. Ó rín in bí ẹni tó káàánú mi. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Kẹ́hìndé, gbọ́. Mo ti sọ pé kí o sọ òtítọ́, nítorí náà gba tèmi. Wọ́n ti fá orí ẹ̀yin méjèèjì nítorí àìsàn náà. Ara yín ń bó, wọ́n sì ti tú ìlẹ̀kẹ̀ tí a fi ń dá yín mọ̀. Ìyá yín àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló wà nínú yàrá. Nígbà tí ìyá yín jáde, ó ní, "Táyé ti lọ." Mi ò wọlé. Mi ò wo ojú òkú ọmọ mi. Wọ́n ti fi aṣọ dì í nígbà tí mo gbà á. Lẹ́yìn náà, bí ìyá yín bá pe Táyé, o máa ń dáhùn. Bó bá pe Kẹ́hìndé, o máa ń dáhùn. Ọmọdé ni ọ́, o sì ń wá ẹni kejì rẹ. Orúkọ méjèèjì ni o mọ̀ nínú ilé. Nígbà tó yá, o kò dáhùn sí ọ̀kan mọ́, àwa náà sì gba èyí tó kù.

Mo bi Ìyá Imoru. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ wà nínú yàrá. Ẹ sọ fún mi. Èwo ni?"

Ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó ní, "Ìyá wọn mọ̀." Ó pe ọlọ́kadà padà, ó sì lọ. Kò mu omi nínú ilé mi.

Ọ̀rọ̀ yẹn jókòó tì mí. Mo ń tú kòkó lórí sìmẹ́ǹtì, ó jókòó tì mí. Níkẹyìn mo sọ fún ara mi pé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ló ni orúkọ. Kẹ́hìndé ni o fi lọ sí iléèwé. Kẹ́hìndé ni àwọn aláìsàn ń pè tí wọ́n bá ń jẹ̀rora. Kẹ́hìndé ni Dàpọ̀ wá tọrọ lọ́wọ́ mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. Ohun tí ìyá yín mọ̀, ó ti gbé e lọ. Ohun tó ṣẹ́kù ni èyí tí mo bá sọ, èmi tí mo bí yín.

Mo wá lọ sí kóòtù ní Ọ̀wọ̀. Obìnrin kan ló jókòó níbi tí wọ́n ti ń kọ ìwé ìbúra.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ búra lé?"

"Pé ọmọ mi kú."

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, Bàbá. Nígbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

"Ẹ ò wá gba ìwé ikú nígbà náà?"

"A kò tilẹ̀ gbà pé ó kú."

Ó gbé ojú sókè, ó tún gbé e wálẹ̀. "Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ẹ kọ pé ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi, èyí tí à ń pè ní Táyé."

"Ṣebí Táyé lorúkọ rẹ̀, Bàbá?"

"Ìyáàfin, mo wá búra ni. Ẹ kọ ohun tí mo bá lè búra lé."

Ó kọ ọ́. Wọ́n fún mi ní Bíbélì, wọ́n ní kí n sọ ọ́ sókè. Mo sọ ọ́. Mo ní, "Ọmọ mi kú." Bí mo ṣe sọ ọ́, nǹkan kan fúyẹ́ lẹ́yìn mi, bí ìgbà tí obìnrin bá sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn ìrìn jíjìn. Mo yíjú wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́nìkan níbẹ̀.

Obìnrin náà ní, "Bàbá, ẹ̀yin àti ta lẹ jọ wá?"

"Èmi nìkan ni."

"Ó dáa, Bàbá." Kò wo ojú mi mọ́. Ó lu òǹtẹ̀ lé e, ó nà án sí mi. Òun náà wà nínú àpò yìí, ojúlówó àti ẹ̀dà.

Láti ìgbà tí mo ti kóòtù dé, ilé ti dákẹ́. Mi ò mọ̀ pé nǹkan kan ń dún níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi tó kù kò pọ̀. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ Dàpọ̀, sọ gbogbo èyí fún un kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Ó yẹ kó mọ ẹni tó fẹ́, bí àwa gan-an kò bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n tán. Má ṣe bá Ìyá Imoru bínú. Ó fẹ́ràn yín ju bí òtítọ́ ṣe fàyè gbà á lọ. Má sì wá síbí kí o tó lọ. Mo mọ̀ pé o máa fẹ́ wá. Má wá. Mi ò sunkún nígbà tí Táyé kú, mi ò sunkún nígbà tí ìyá yín kú, mi ò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹ. Kí Ọlọ́run lọ ṣáájú rẹ níbẹ̀, kó sì jẹ́ òun nìkan ni yóò tẹ̀lé ọ.

Ohun tó kàn báyìí, ìwọ ni. Má jẹ́ kó jẹ́ iwájú òyìnbó ni ẹnu rẹ ti máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò sọ rí máa ń gbọ̀n, òyìnbó á sì rò pé irọ́ ló ń gbọ̀n. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tí ilé bá dá, wọ yàrá rẹ kí o sì sọ ọ́ sókè pé: "Èkejì mi kú nígbà tí a wà lọ́mọdé. Táyé là ń pè é. Èmi ni Kẹ́hìndé. Èmi nìkan ló kù." Sọ ọ́ títí ohùn rẹ yóò fi dúró. Bí ẹkún bá dé, sun ún. A kò jẹ́ kí o sun ún nígbà náà.

Bí ẹnìkan bá dá ọ lóhùn nínú yàrá náà, má bi í léèrè orúkọ. Gbé báàgì ìwé rẹ, jáde, kí o sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Èmi ni, baba rẹ,
ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀.